Lẹ́tà ẹ̀sùn: ẹ dá owó sọ̀fútíwìà mi padà

Ẹ̀yin ará ọ́fíìsì,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀ẹ̀kẹfà rèé tí mo máa kọ̀wé sí yín, gbogbo ọ̀rọ̀ ti wà lọ́wọ́ yín, n ò ní tún un rò látilẹ̀ mọ́. Ìbéèrè kan ṣoṣo ni mo bi yín kí n tó sanwó: fáìlì CDR (ti CorelDRAW, sọ̀fútíwìà tá a fi ń ya bánà) àti AI (ti Adobe Illustrator) táwọn kọ́sítọ́mà ń gbé wá, ṣé màá lè tún un ṣe nínú sọ̀fútíwìà yín àbí wíwò lásán ni? Ẹ ní màá tún un ṣe dáadáa. Mo san ti ọdún kan gbáko.

Irọ́ lẹ pa fún mi. Kọ́sítọ́mà dúró tì mí ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú níbí, ó fẹ́ ká yí déètì ìsìnkú ìyá ẹ̀ lórí bánà, mo ṣí fáìlì, ó ṣí lóòótọ́, àmọ́ kò sí lẹ́tà kan tó ṣeé tẹ̀, ìgbà tí mo sì fà á tóbi ni etí orúkọ màmá yẹn bá di àkàsọ̀-àkàsọ̀. Fáìlì vector bíi CDR àti AI kì í ṣe bẹ́ẹ̀, ìlà ni wọ́n fi ń yà á, kèèyàn fà á tó ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kò gbọdọ̀ bà jẹ́. Fọ́tò lásán lẹ sọ ọ́ dà. Ọ̀dọ̀ aládùúgbò mi tó ń lo CorelDRAW ni mo sáré gbé e lọ.

Ìyẹn ò tiẹ̀ dùn mí tó èyí tó tẹ̀ lé e. Mo pè yín, ẹ ní kí n dúró di Mọ́ńdè. Mọ́ńdè dé, ẹ ò pè. Mo tún pè, ẹ ní kí n fi rìsíìtì ránṣẹ́, mo fi ránṣẹ́, ẹlòmíì tún gbé fóònù, òun náà tún ní kí n fi rìsíìtì ránṣẹ́. Tọ́sìdeè tó kọjá wá ni ọmọkùnrin kan gbé e, ohùn ẹ̀ ò ju ti àbíkẹ́yìn mi lọ, ó ní "Bàbá yìí, ṣó o tiẹ̀ mọ nǹkan tó ń jẹ́ vector?" Ó ń pè mí ní "o"! Èmi tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí ó lé lógún ọdún, CorelDRAW 12 ni mo fi kọ́ṣẹ́. Kí n tó fèsì ó ti já fóònù.

Ọmọṣẹ́ mi ti fi Inkscape, sọ̀fútíwìà vector tó jẹ́ ọ̀fẹ́, sórí kọ̀ǹpútà báyìí, kọ́bọ̀ ò jáde lápò mi, fáìlì vector tó ń jẹ́ SVG tá a bá sì fi ṣe, bíráúsà lásán ń ṣí i. Ẹ bá mi gba sọ̀fútíwìà yín, n ò fẹ́ ẹ mọ́.

Gbogbo owó mi ni mo fẹ́, kó wọlé kó tó di Fúráìdeè tó ń bọ̀, kí ọmọ yẹn náà pè mí kó bẹ̀ mí. Tí kò bá rí bẹ́ẹ̀, FCCPC, àjọ ìjọba tó ń gbèjà oníbàárà, ni mò ń kó gbogbo ìwé tá a ti kọ síra wa lọ, gbogbo onítẹ̀wé tó wà ní àdúgbò yìí ló sì máa gbọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún ní kí n fi rìsíìtì ránṣẹ́ o, ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti wà lọ́wọ́ yín.

Èmi oníbàárà yín.