Ọjọ́ tí a ń ká okùn tuntun sórí rílì ni wàhálà okùn ti ń bẹ̀rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi gbé jáde kan àwọn ọ̀dọ́ tó ń fi ọ̀pá onírílì, ìyẹn ọ̀pá tó ní ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ká okùn, pẹja ní etí ọ̀sà, láti Ẹ̀pẹ́ àti Ẹ̀jìnrìn títí dé àwọn ìletò Ìjẹ̀bú Wọ́tásáìdì. Inú mi dùn sí wọn gidigidi, nítorí pé ẹni tó ń fi ìwọ̀ kan pẹja lè dá ẹja tí kò tíì tó jẹ padà sómi, èyí tí ẹni tó fi àwọ̀n olójú wẹ́wẹ́ gbá odò kò lè ṣe. Ohun tó ń dùn mí ni pé púpọ̀ nínú wọn kì í pẹ́ pa ọ̀pá tì, wọn a ní ayédèrú ni rílì tí wọ́n rà, bẹ́ẹ̀ rílì náà kò ṣe ohunkóhun. Bí wọ́n ṣe ká okùn tuntun sí i ni kò dára.

Rílì tó wọ́pọ̀ lọ́wọ́ wọn ni èyí tí ikùn rẹ̀, ìyẹn ibi tí okùn ń wé mọ́, kì í yí nígbà tí a bá ń ká okùn. Alfred Illingworth, ará Bradford ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, tó wà nídìí iṣẹ́ aṣọ, ló gba ìwé ẹ̀tọ́ lórí irú rílì bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1905. Irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan ló ń yí po, tó ń da okùn mọ́ ikùn rílì tó dúró sójú kan. Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé gbogbo ìgbà tí irin náà bá yí po lẹ́ẹ̀kan, ó ti lọ́ okùn lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó ń ta ọ̀pá fún wọn kò ka èyí sí. Á ki bírò bọ ihò àárín rólù okùn, á ní kí ọmọṣẹ́ dì í mú kí ó máa yí, òun náà á sì máa ká a kíákíá kí oníbàárà lè tètè lọ. Kò sí ohun tí yóò tú ìlọ́po náà, nítorí náà á bá okùn wọ inú rílì, láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Lọ́jọ́ tí ọmọ náà bá ju ìwọ̀ sódò tí okùn sì dẹ̀ díẹ̀, á wé mọ́ra, á ta kókó, kò sì ní sí ohun tó kù ju kí ó fi ọ̀bẹ gé e lọ.

Ohun tó yẹ ni kí a tẹ́ rólù sílẹ̀ pẹrẹsẹ, kí ẹ̀gbẹ́ tí a lẹ ìwé mọ́ wà lókè, kí okùn máa tú láti etí rẹ̀ fúnra rẹ̀, kí títú náà lè san èyí tí rílì ń lọ́. Lẹ́yìn tí a bá ti ká a bí ìgbà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí a dúró, kí a sì dẹ okùn tó wà láàárín ọ̀pá àti rólù. Bí ó bá rọ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́, ó ti dára. Bí ó bá ń lọ́ mọ́ra, kí a dojú rólù délẹ̀, kí a máa bá iṣẹ́ lọ. Ìdánwò yìí kò gbà ju ìṣẹ́jú kan lọ, síbẹ̀ òun ni mo rí i pé àwọn ènìyàn ń fò jù. Rílì tí ikùn tirẹ̀ ń yí ni ọ̀rọ̀ bírò tọ́ sí, nítorí pé ìyẹn kì í lọ́ okùn.

Kí a tó bẹ̀rẹ̀ rárá, kí a ti fi okùn la àwọn òrùka ojú ọ̀pá kọjá, láti ṣóńṣó wá sí ìdí, kí a sì ṣí irin rílì sílẹ̀ kí a tó so okùn mọ́ ikùn rẹ̀. Bí a bá ti ń ká a, kí a fi àkísà tútù di okùn mú kí ó lè máa le, nítorí pé okùn tó dẹ̀ nínú rílì ni èyí tó wà lókè máa ń rì sínú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ọ̀bọ̀kún ńlá bá fà á. Kí a sì dúró nígbà tó bá ku nǹkan bíi mìlímítà mẹ́ta sí etí. Èyí tó bá kún àkúnwọ́sílẹ̀ á máa já bọ́ ní òkìtì. Èyí tí kò bá kún tó á máa ha etí rílì, kò sì ní jẹ́ kí ìwọ̀ lọ jìnnà. Okùn tí a hun bí irun dídì máa ń yọ̀ yíká ikùn rílì tó bá ń dán, àfi kí a kọ́kọ́ ká okùn náílọ́ọ̀nù díẹ̀ sí abẹ́ rẹ̀.

Náílọ́ọ̀nù fúnra rẹ̀, tí wọ́n ṣe fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1935, kò fẹ́ràn oòrùn. Rólù tí wọ́n bá so kọ́ iwájú ṣọ́ọ̀bù tí oòrùn ń pa lójoojúmọ́ ti ń bàjẹ́ kí a tó rà á, bó ti wù kí ike tó wà lára rẹ̀ máa dán tó. Mo bẹ àwọn oníṣòwò wa kí wọ́n gbé e sínú ilé, kí wọ́n sì jẹ́ kí oníbàárà rí bí wọ́n ṣe ń ká okùn fún un.

Èyí tó ká mi lára jù ni okùn tí wọ́n gé dànù. Náílọ́ọ̀nù kì í jẹrà bọ̀rọ̀ nínú omi. Ó ń so ẹsẹ̀ ẹyẹ odò pọ̀, ó sì ń wé mọ́ abẹ̀bẹ̀ ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ àwọn tó ń gba ojú ọ̀sà lọ sọ́jà. Bí okùn kò bá lọ́ láti ilé, èyí tí a ó gé sómi á dín kù púpọ̀; èyí tí a bá sì tú kúrò lórí rílì, kí a gé e wẹ́wẹ́ kí a tó dà á síbi ìdalẹ̀nù. Mo fi àsìkò yìí bẹ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ wa àti ẹgbẹ́ àwọn apẹja kí wọ́n gbé àgbá kan tó ní ọmọrí sí gbogbo èbúté tí a ti ń já ẹja, kí okùn àlòkù lè ní ibi tí yóò máa wọ̀. Mo sì bẹ ẹ̀yin náà, Olóòtú, kí ẹ fún iṣẹ́ ìwọ̀ ní àyè díẹ̀ lójú ewé tí ẹ ti ń kọ nípa iṣẹ́ àgbẹ̀.

Emi ni tiyín ní tòótọ́,
Apẹja kan ní Ẹ̀pẹ́