Kí O Tó Fọwọ́ Sí Ìwé Náà

Àkànní, ọmọ mi,

Oṣù mẹ́rin rèé tí mo ti gbọ́ ohùn rẹ gbẹ̀yìn. Kì í ṣe tìtorí owó tí o kò fi ránṣẹ́ ni mo ṣe ń kọ̀wé. Orúnkún ìyá rẹ ṣì ń dùn ún, àbúrò rẹ ti wọ Pólì Ìbàdàn, a sì ti tún òrùlé ẹ̀yìnkùlé ṣe. Ohun tí kò jẹ́ kí n sùn ni ọ̀rọ̀ tí ẹnì kan bá mi sọ lẹ́yìn ìsìn ní Mọ́lété, pé ọmọ tòun tí ẹ jọ wà ní bárékè ní Texas sọ pé àwọn ọ̀gá rẹ ti fún ọ ní ìwé pé wọ́n fẹ́ yọ ọ́ kúrò nínú iṣẹ́ ológun láìgbé ọ lọ sí kóòtù, àti pé ìwọ ní ohunkóhun tí wọ́n bá gbé wá ni o máa fọwọ́ sí, kí o ṣáà ti kúrò níbẹ̀.

Àkànní, má fọwọ́ sí ohun tí o kò kà.

Mo lọ bá mọ̀lẹ́bí wa tó ṣe iṣẹ́ ológun ní Amẹ́ríkà kí ó tó padà wálé. Ó ní irú ìyọníṣẹ́ yìí kì í ṣe ìdálẹ́bi kóòtù, nítorí náà bí agbanisíṣẹ́ bá béèrè bóyá kóòtù ti dá ọ lẹ́bi rí, kò sí irọ́ nínú kí o dáhùn pé rárá. Ṣùgbọ́n ìwé ìfiṣẹ́ ológun sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní DD 214 yóò máa tẹ̀ lé ọ. Bí wọ́n bá kọ Honorable sí i, ìyẹn ni pé o kúrò pẹ̀lú ọlá, ojú rẹ mọ́. Bí ó bá jẹ́ General, tó rẹlẹ̀ sí ìyẹn, o ṣì lè ríṣẹ́, àmọ́ owó ẹ̀kọ́ GI Bill tí o ní o máa fi kọ́ iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ti lọ nìyẹn. Bí ó bá jẹ́ Other Than Honorable, tí kò lọ́lá, àǹfààní tí ìjọba àpapọ̀ wọn ń fún àwọn ológun tẹ́lẹ̀ nígbà ìgbanisíṣẹ́ kò ní kàn ọ́. Èyí tó dẹ́rù bà mí jù ni pé ipasẹ̀ iṣẹ́ náà ni o fi di ọmọ ìlú wọn, o kò sì tíì lo ọdún 5 lẹ́nu iṣẹ́ náà. Irú ìwé bẹ́ẹ̀ lè jẹ́ kí wọ́n gba ẹ̀tọ́ ọmọ ìlú náà padà. Kí ni ìwọ yóò wá fi wáṣẹ́?

Ó ní bí ó bá jẹ́ èyí tó burú yẹn ni wọ́n ń wá, o lẹ́tọ̀ọ́ láti rojọ́ níwájú ìgbìmọ̀, lọ́yà ológun sì wà tí kò ní gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ. Ìwé tí èèyàn fi ń sọ pé òun ti jọ̀wọ́ ẹ̀tọ́ yẹn ni mo ń bẹ̀rù.

O rò pé mo fẹ́ràn takisí tí mo fi ọ̀pọ̀ ọdún wà láti Mọ́kọ́lá dé Bódìjà ni. Ní 1994, èmi ni mo ń tọ́jú ilé ìkẹ́rù ilé iṣẹ́ kan nílùú yìí. Ẹrù sọnù, n kò mọ̀ nípa rẹ̀. Ọ̀gá gbé ìwé kan wá pé kí n fọwọ́ sí i pé èmi ni mo fiṣẹ́ sílẹ̀. Ojú ń tì mí, mo fọwọ́ sí i láìkà á délẹ̀, ìlà tí n kò kà sì ni wọ́n kọ ọ́ sí pé ọwọ́ mi ni ẹrù ti sọnù. Níbi iṣẹ́ tó tẹ̀ lé e, wọ́n bi mí ìdí tí mo fi kúrò, mo parọ́. Oṣù mẹ́ta lẹ́yìn náà, wọ́n wádìí, irọ́ yẹn ni wọ́n sì fi lé mi, kì í ṣe ẹrù. Ní ọjọ́ tí o ń lọ, mo sọ fún ọ pé má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni rí àbùkù rẹ. Ìmọ̀ràn ẹni tó ń sá pamọ́ ni mo fún ọ. Mo gbà á padà.

Síbẹ̀, ìwà wo ni o ń hù yìí? Ṣé ará ìta ló yẹ kó sọ fún mi? Bí o bá tilẹ̀ ti fọwọ́ sí i, o lè kọ̀wé sí Discharge Review Board, ìgbìmọ̀ tó ń tún irú ìwé bẹ́ẹ̀ yẹ̀ wò, láàárín ọdún 15, nítorí náà kó gbogbo ìwé ìyìn rẹ pamọ́. Má sì pe ìwé rẹ ní ohun tí kì í ṣe níwájú agbanisíṣẹ́ kankan.

Ìyá rẹ kò tíì mọ̀ nípa ti 1994. Alẹ́ òní ni mo fẹ́ sọ fún un. Pè mí kí o tó mú bírò, ọmọ mi, ì báà jẹ́ òru.

Bàbá rẹ