Fọlákẹ́, mi ò ní fi àgbo yẹn ránṣẹ́

Òkè-Fìà,
Òṣogbo.
Ọjọ́ 9, oṣù Kẹsàn-án.

Fọlákẹ́ ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ṣé àlàáfíà ni o wà? Bàbá Ìbùkún ńkọ́? Ìbùkún fúnra rẹ̀ ńkọ́, ọmọ mi? Mo mọ̀ pé òtútù Ìlú Ọba á ti máa yọjú. Gbogbo wa níbí wà dáadáa. Ọdún Ọ̀ṣun ti kọjá, àwọn àlejò ti lọ, òjò ò sì jẹ́ kí aṣọ mi gbẹ lórí okùn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo gbọ́ ohùn tí o fi ránṣẹ́ sórí fóònù mi. Wúyẹ́wúyẹ́ lo ń sọ̀rọ̀, àfi bí ẹni pé ẹnì kan wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. O ní dókítà sọ pé wárápá ló ń ṣe Ìbùkún. O ní ìyá ọkọ rẹ ní kí o má fi oògùn òyìnbó ba ọmọ jẹ́, pé kí n lọ bá ìyá alágbo kan ní Ọjà Ọba, kí n ra àgbo gìrì, kí n dì í mọ́ ẹ̀gúsí àti ẹ̀lùbọ́ tí mo fẹ́ fi ránṣẹ́. O sì ní kí n má sọ fún ẹnikẹ́ni. Mi ò sọ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n mi ò ní ra àgbo yẹn. Bínú sí mi bí o bá fẹ́, kí o ṣáà ka lẹ́tà yìí tán.

Ohun kan wà tí mi ò sọ fún ọ rí. O mọ̀ pé ẹ̀fọ́rí túúlu ti ń bá mi jà láti ìgbà tí a ti wà ní girama. Ohun tí o ò mọ̀ ni ti ìmọ́lẹ̀. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mo ń to àdìrẹ sórí tábìlì ní ìsọ̀ mi ní Ọ̀láìyá, ni nǹkan kékeré kan bí àfọ́kù dígí bá bẹ̀rẹ̀ sí í dán láàárín ojú mi. Mo nu ojú, kò lọ. Ó ń fẹ̀ díẹ̀díẹ̀, etí rẹ̀ rí ṣákaṣàka bí eyín ayùn, ó ń ṣẹ́jú. Ohun tó bá bò, mi ò rí i mọ́: mo ń wo oníbàárà, ìdajì ojú rẹ̀ ti pòórá. Ó tó ogún ìṣẹ́jú kó tó gba ẹ̀gbẹ́ ojú jáde. Nígbà náà ni orí wá bẹ̀rẹ̀, apá òsì nìkan, àfi bí ìgbà tí wọ́n ń gún iyán níbẹ̀. Mo bì títí.

Mo gbà pé ọwọ́ ayé ni. Mo gbààwẹ̀, mo lọ sórí òkè àdúrà, mo mu àgbo oríṣiríṣi. Nígbà tí gbogbo rẹ̀ ò ran án ni mo tó lọ rí dókítà tó ń rí sí ọpọlọ. Oògùn tó kọ fún mi ń jẹ́ topiramate. Mo délé, mo ṣí páálí, mo ka ìwé pélébé tó wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ gàdàgbà pé oògùn wárápá ni. Fọlákẹ́, àyà mi já. Mo ya ìwé náà, mo jù ú sínú iná tí mo fi ń yọ́ ìda kí ọkọ mi má baà rí i. Mo rò pé dókítà ti mọ ohun tó ń ṣe mí, ó kàn ń fi pa mọ́ fún mi ni. Odidi oṣù kan ni mi ò fi oògùn náà kan ẹnu. Nítorí náà, bí o ṣe ń sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́ yẹn, ó yé mi.

Nígbà tí mo padà lọ, tí mo jẹ́wọ́, dókítà ò bá mi jà. Ó ní kí n jókòó títí èrò á fi tán. Ó wá la ọ̀rọ̀ náà yé mi. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ka ohunkóhun tí ọwọ́ mi bá tẹ̀ lórí rẹ̀.

Ronú sí Ọjà Ọba nígbà tí ọjà bá kún. Ariwo ni, ṣùgbọ́n ariwo tó nítumọ̀ ni: ẹlẹ́ja ń bá oníbàárà tirẹ̀ ná an, aláta ń pe ti tirẹ̀, alábàárù ń ní kí wọ́n yà fún òun. Bí ọpọlọ ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn. Iná mànàmáná tín-ín-tín ni àwọn sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. Èròjà kan wà tó ń tì wọ́n kí wọ́n sọ̀rọ̀, glutamate ni wọ́n ń pè é. Òmíràn wà tó ń ní kí wọ́n rọra, GABA nìyẹn. Bí èyí tó ń tì wọ́n bá borí èyí tó ń dá wọn lẹ́kun, àwọn sẹ́ẹ̀lì á bẹ̀rẹ̀ sí í ké ọ̀rọ̀ kan náà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí odindi ọjà bá ń pariwo "Olè!", tí ẹnikẹ́ni ò gbọ́ ti ẹnìkejì mọ́. Gìrì tó ń mú Ìbùkún nìyẹn. Hans Berger, dókítà ará Jámánì, ló kọ́kọ́ gba iná ọpọlọ ènìyàn sílẹ̀, ní 1924. Irú ẹ̀rọ rẹ̀ ni wọ́n lẹ̀ mọ́ orí Ìbùkún lọ́jọ́sí, tí o ní ó dà bí ẹni di irun olówú.

Ibi tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ló kù yìí. Ọmọ Brazil kan wà tó ń jẹ́ Aristides Leão, ó ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Yunifásítì Harvard ní Amẹ́ríkà. Wárápá ló fẹ́ mọ ìdí rẹ̀. Ó ń fi iná mànàmáná díẹ̀ kan ọpọlọ ehoro kó lè rí bí ariwo yẹn ṣe máa ń bẹ̀rẹ̀. Ìdákẹ́rọ́rọ́ ló bá pàdé. Ibi tó fi iná kàn dákẹ́, ibi tó tẹ̀ lé e dákẹ́, ìdákẹ́ náà ń rìn láti ìsọ̀ dé ìsọ̀, bíi mìlímítà 3 péré láàárín ìṣẹ́jú kan, bí aró ṣe máa ń rá gun aṣọ tí etí rẹ̀ bá kan omi. 1944 ló gbé e jáde. Ṣáájú ìyẹn, ní 1941, ọ̀mọ̀wé kan ní Amẹ́ríkà, Karl Lashley, tí òun náà máa ń rí ìmọ́lẹ̀ bíi tèmi, ti jókòó ti ìwé àti pẹ́ńsù, ó ń ya bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe ń fẹ̀ ní ìṣẹ́jú sí ìṣẹ́jú. Ó ṣírò rẹ̀. Ohunkóhun tó ń rìn nínú ọpọlọ òun, mìlímítà 3 láàárín ìṣẹ́jú kan ló ń rìn! Ó di 1958 kí onímọ̀ ọpọlọ kan, Peter Milner, tó fi iṣẹ́ àwọn méjèèjì wé ara wọn, tó ní bóyá ohun kan náà ni. Ní 2001, àwọn kan fi ẹ̀rọ MRI, èyí tó ń ya àwòrán inú ara, wo ọpọlọ ẹni tí ìmọ́lẹ̀ ń mú lọ́wọ́, wọ́n sì rí nǹkan tó ń rìn bẹ́ẹ̀.

Ẹni tó ń wá wárápá ló rí túúlu, Fọlákẹ́. Ọjọ́ tí mo kà á, mo sunkún.

Sẹ́ẹ̀lì kọ̀ọ̀kan ló ní ilẹ̀kùn. Èròjà méjì kan wà, potassium àti sodium: potassium pọ̀ nínú, sodium pọ̀ níta, iṣẹ́ ńlá sì ni kí kálukú dúró sí ààyè rẹ̀. Níbi tí ìgbì ìdákẹ́ tí Leão rí yẹn bá dé, gbogbo ilẹ̀kùn á ṣí sílẹ̀ gbayawu, potassium á tú jáde, á ta sí sẹ́ẹ̀lì tó wà nítòsí. Sẹ́ẹ̀lì á ké fìrí kan, á wá dákẹ́ títí á fi kó ẹrù rẹ̀ padà sílé. Ní ti ìrora, ọpọlọ fúnra rẹ̀ kì í mọ̀ ọ́n. Inú awọ tó bò ó ni iṣan tó ń mọ ìrora wà, èròjà CGRP tí iṣan náà ń tú jáde sì wà lára ohun tó ń dá ẹ̀fọ́rí náà sílẹ̀. Àwọn mẹ́rin tó ṣiṣẹ́ lórí túúlu, Lars Edvinsson, Peter Goadsby, Michael Moskowitz àti Jes Olesen, ni wọ́n fún ní Brain Prize, ẹ̀bùn ńlá fún ìwádìí ọpọlọ, ní 2021.

Àwọn kan tún wà tí túúlu tiwọn máa ń rọ wọ́n ní apá àti ẹsẹ̀ kan fún ìgbà díẹ̀. Lára àwọn jíìnì, ìyẹn àbùdá tí a ń jogún, tó ń fa ìyẹn ni SCN1A, tó jẹ́ ti ilẹ̀kùn sodium. SCN1A yìí kan náà ló bàjẹ́ lára ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ọmọ tó ní wárápá líle tí wọ́n ń pè ní Dravet. Ìyẹn ò ní kí túúlu mi di wárápá o. Ohun tó ń sọ ni pé ilẹ̀kùn ilé kan náà ni, bóyá ìyẹn sì wà lára ohun tó jẹ́ kí oògùn kan náà lè bá àìsàn méjèèjì wí. Mo ti ń lo tèmi báyìí. Ìka mi máa ń ṣe mí yínrínyínrín, mínírà ò sì dùn lẹ́nu mi mọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀mẹfà tí túúlu ń mú mi lóṣù ti di ẹ̀ẹ̀kan.

Ìyá ọkọ rẹ sọ pé Ìlú Ọba ló kó àrùn yìí ran ọmọ. Jọ̀ọ́, sọ fún wọn pé Ọ̀jọ̀gbọ́n Osuntokun, dókítà ọpọlọ, ọmọ Òkèmẹ̀sí wa, àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ láti Ìbàdàn, lọ láti ojúlé dé ojúlé ní Igbó-Ọrà. Nínú iṣẹ́ tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1987, ó lé ní márùn-ún nínú ẹgbẹ̀rún ènìyàn tí wárápá ń ṣe níbẹ̀. Ó ti wà lọ́dọ̀ wa tipẹ́. À ń fi pa mọ́ ni.

O rántí ọmọkùnrin tó ń jókòó níwájú wa ní kíláàsì karùn-ún alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀? Ìṣirò la ń ṣe lọ́wọ́ tó fi ṣubú. Gbogbo wa sá, tíṣà náà sá. Wọ́n ní ẹni tí itọ́ rẹ̀ bá ta sí lára, tirẹ̀ ti bá a. Wọ́n gbé e délé, wọ́n ki ẹsẹ̀ rẹ̀ bọ iná kó lè jí. Nígbà tó padà wá, o rí ẹsẹ̀ náà, èmi náà rí i. Ìwọ àti èmi la sún àga wa sẹ́yìn. Sáà yẹn ò parí tó fi kúrò nílé ìwé. Mi ò rántí ojú rẹ̀ mọ́, ẹsẹ̀ yẹn ni mo ń rántí. Wárápá kì í ranni, Fọlákẹ́, itọ́ rẹ̀ kì í ranni. Kò ràn nígbà yẹn náà.

Àgbo tí ìyá alágbo ń tà ńkọ́? Mo lọ bá a, mo bi í léèrè. Ìtọ̀ màlúù wà níbẹ̀, ewé tábà wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn ti yẹ irú rẹ̀ wò láti ọjọ́ pípẹ́: ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì máa ń dá èémí dúró. Ọmọ tí gìrì mú tí kò kú, àgbo náà lè pa á. Mi ò lè fi ọwọ́ mi dì í.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe ni pé kí o má dá oògùn Ìbùkún dúró lójijì, torí ìyẹn gan-an lè fa gìrì tó le ju ti tẹ́lẹ̀. Bó bá ń mú un sùn jù, dókítà ni kí o sọ fún, kì í ṣe ìyá ọkọ rẹ. Bó bá tún mú un, yí i sí ẹ̀gbẹ́, gbé nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, má dì í mọ́lẹ̀, wo aago. Bó bá kọjá ìṣẹ́jú 5, pe ọkọ̀ aláìsàn. Jẹ́ kó máa sùn dáadáa. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní tí àyẹ̀wò àti ìtọ́jú bá péye, ó lè tó 70 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tó ní in tí gìrì ò ní mú mọ́.

Mo fi ìwé kékeré kan sínú ẹrù náà, irú èyí tí mo fi ń kọ ọjọ́ tí túúlu bá mú mi, aago tó bẹ̀rẹ̀, bí oorun mi ṣe rí lálẹ́ àná. Kí Ìbùkún máa fúnra rẹ̀ kọ tirẹ̀, ó ti tó ọmọ ọdún mẹ́sàn-án. Àdìrẹ aláró dúdú tó wà lókè pátápátá, tirẹ̀ ni. Bí aró rẹ̀ bá kọ́kọ́ ń jáde sínú omi, má jáyà.

Bá mi kí bàbá rẹ̀. Fèsì kíákíá, kí o sì sọ bí oorun rẹ̀ ṣe rí fún mi.

Èmi ni tìrẹ,
Àdùkẹ́