Ìbéèrè Kejì

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́ lánàá, ẹ̀ẹ̀mejì ni mo sì kà á kí n tó bọ́ bàtà lẹ́sẹ̀. Nígbà tí mo dé ibi tí o ti ní aṣòfin kan nínú ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè ti gbà ọ́ síṣẹ́, pé ìwọ ni wàá máa bá a múra ìbéèrè tí yóò máa bi mínísítà, inú mi dùn débi pé mo dìde dúró. O kú oríire. Iṣẹ́ tó yẹ ọ́ ni.

O ní kí n sọ ohun tí mo mọ̀ nípa iṣẹ́ náà fún ọ, torí o rántí pé ọdún mẹ́fà gbáko ni mo fi wà ní òdìkejì, ní ọ́fíìsì mínísítà, tí èmi àtàwọn ẹlẹgbẹ́ mi ń kọ èsì tí ọ̀gá wa ń kà níwájú ilé aṣòfin. Màá sọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí n kò sọ fún ọ rí, òun ni mo fẹ́ fi ṣáájú, kí o lè mọ ibi tí ìmọ̀ràn mi ti wá.

Ní ọdún kẹta tí mo débẹ̀, ìjọba bá orílẹ̀-èdè kan tọwọ́ bọ àdéhùn lórí ọ̀rọ̀ ológun, wọn kò sì sọ ọ́ síta. Ìròyìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í jò díẹ̀díẹ̀. Nígbà tó ku ọ̀la kí mínísítà lọ dáhùn ìbéèrè, a jókòó ti fáìlì di ọ̀gànjọ́. Fáìlì náà nípọn bíi bíríkì. A lẹ ìwé pélébé aláwọ̀ oríṣiríṣi sí etí ojú ìwé kọ̀ọ̀kan kí ọwọ́ ọ̀gá wa lè tètè bà á, ojú ìwé kọ̀ọ̀kan ló sì ní àkọlé: bí wọ́n bá béèrè báyìí, ẹ dáhùn báyìí. Mo ti kọ ọjọ́ tí wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn náà sí ojú ìwé kan. Ẹni tó jù mí lọ níbi iṣẹ́ kà á, ó fi bíírò fa igi lé e lórí, ó ní, "Yọ èyí. Kò sẹ́ni tó máa béèrè é." Mo yọ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sẹ́yìn ọ̀gá wa, níbi tí wọ́n ya sọ́tọ̀ fún àwa òṣìṣẹ́. Aṣòfin kan dìde, ọ̀dọ́bìnrin tí kò tíì pé ọdún kan nílé. Ìbéèrè rẹ̀ àkọ́kọ́, èyí tó ti fi ránṣẹ́ ṣáájú, rọ̀ bí òwú: kí ni mínísítà lè sọ fún ilé nípa àjọṣe wa pẹ̀lú orílẹ̀-èdè náà? Ọ̀gá wa ṣí fáìlì, wọ́n ka ojú ìwé kan àbọ̀, wọ́n jókòó. Ọmọbìnrin náà tún dìde. Gbólóhùn kan péré ló sọ: "Ọjọ́ wo ni wọ́n fọwọ́ sí àdéhùn náà?"

Ilé pa lọ́lọ́. Mo rí ọwọ́ ọ̀gá wa bó ṣe ń ṣí ibi aláwọ̀ ewé, tó lọ sí pupa, tó tún padà sí ewé. Mo mọ ohun tí wọ́n ń wá, mo sì mọ̀ pé kò sí níbẹ̀. Ọjọ́ náà wà lórí mi. Mo lè kọ ọ́ sórí ìwé kékeré kí n nà án sí wọn, àmọ́ ọwọ́ mi kò gbé. Nígbẹ̀yìn wọ́n ní àwọn yóò kọ̀wé sí aṣòfin náà. Ọ̀sẹ̀ márùn-ún kọjá kí ìwé náà tó lọ. Nígbà tó lọ, kò sí ọjọ́ kankan nínú rẹ̀, èmi náà sì wà lára àwọn tó kọ ọ́. Ìtìjú yẹn kò tíì kúrò lára mi.

Ìdí nìyí tí mo fi ń bẹ̀ ọ́ pé ìbéèrè kejì ni kí o máa torí rẹ̀ pàdánù oorun. Wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é ní London, níbi tí ọ̀pọ̀ ilé aṣòfin ti kọ́ àṣà yìí. Mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè máa ń wá dáhùn ìbéèrè lẹ́nu ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún síra wọn, bí ilé bá ń jókòó. Àwọn aṣòfin á fi ìbéèrè ránṣẹ́ ní ọjọ́ mélòó kan ṣáájú, kọ̀ǹpútà á pò wọ́n pọ̀ bí ẹni ṣẹ́ gègé, àwọn tí orúkọ wọn bá bọ́ sókè ni yóò rí àyè. Ìbéèrè àkọ́kọ́ yìí ti wà lákọsílẹ̀, mínísítà ti rí i, àwọn òṣìṣẹ́ ti kọ èsì rẹ̀. Torí ẹ̀ náà ni àwọn tó gbọ́n fi ń jẹ́ kó fẹ̀, kó má tọ́ka sí ohunkóhun. Ẹ̀tọ́ tó tẹ̀ lé e ni wọ́n ń wá, pé ẹni tó bi ìbéèrè lè tún bi òmíràn, èyí tí ẹnikẹ́ni kò rí ṣáájú. Bí nǹkan bá sì ṣẹlẹ̀ lójijì, aṣòfin lè lọ bá olórí ilé láàárọ̀. Bó bá gbà, ìjọba gbọ́dọ̀ rán mínísítà wá dáhùn lọ́jọ́ náà gan-an.

Ṣùgbọ́n mínísítà ní láti wà níbi tí wọ́n ti lè bi í. Láti oṣù kọkànlá ọdún 2023 di oṣù keje ọdún 2024, David Cameron ló wà nípò náà ní London, ilé àwọn Lọ́ọ̀dù ló sì jókòó sí. Àwọn aṣòfin tí ará ìlú dìbò yàn kò lè bi í ní nǹkan kan nínú gbọ̀ngàn tiwọn, Andrew Mitchell, mínísítà tó wà lábẹ́ rẹ̀, ló ń dáhùn dípò rẹ̀. Ogun ń jà ní Ukraine àti Gaza nígbà yẹn. N kò rò pé ó yẹ bẹ́ẹ̀ rárá.

O lè ní kí ló dé tí mo fi ń pariwo ti ilẹ̀ òkèèrè ju ti àwọn mínísítà yòókù lọ. Bí ọ̀nà bá bàjẹ́, ẹni tó ń gbà á kọjá á rí kòtò. Bí oògùn bá tán nílé ìwòsàn, aláìsàn á sọ. Ohun tí mínísítà méjì bá sọ fún ara wọn nínú yàrá kan lókè òkun ńkọ́, ta ló wà níbẹ̀? Kò sí ará ìlú tó lè jẹ́rìí. Aṣòfin tó bá dìde béèrè nìkan la ní. Gbólóhùn méjì la sì fi ń dá a dúró ní ọ́fíìsì wa: "ọ̀rọ̀ ààbò ni" àti "ìjíròrò ṣì ń lọ lọ́wọ́." Ti àkọ́kọ́ máa ń jóòótọ́ nígbà mìíràn, má sì ṣe jẹ́ kí ọ̀gá rẹ fojú tín-ín-rín rẹ̀, nítorí ẹ̀mí èèyàn lè wà nínú ohun tí wọn ò sọ. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí ó ní kí wọ́n sọ ọ́ fún ìgbìmọ̀ nínú yàrá títì. Ti kejì ni kí o ṣọ́ra fún. Bí aṣòfin bá béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ sí àdéhùn, ìjíròrò ń lọ lọ́wọ́. Bó bá béèrè lẹ́yìn náà, ọ̀rọ̀ ti bọ́ sórí. Àwọn ará Dẹ́nímáàkì rí ọgbọ́n dá sí èyí ní ti àjọ ilẹ̀ Yúróòpù: kí mínísítà wọn tó lọ ṣàdéhùn ní Brussels, á kọ́kọ́ wá síwájú ìgbìmọ̀ ilé aṣòfin wá sọ ohun tó fẹ́ lọ gbà. Bí ọ̀pọ̀ nínú wọn bá kọ̀ ọ́, kò lè gbé e lọ. Ó wù mí kí gbogbo ilé aṣòfin láyé máa ṣe bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí mo bá ń ronú sí ìtìjú mi, ọ̀rọ̀ Suez, odò tí wọ́n gbẹ́ fún ọkọ̀ ojú omi ní Íjíbítì, ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Ní oṣù kẹwàá ọdún 1956, àwọn aṣojú Gẹ̀ẹ́sì, Faransé àti Ísírẹ́lì pàdé ní bòókẹ́lẹ́ ní Sèvres, lẹ́bàá Paris. Wọ́n fẹnu kò pé kí Ísírẹ́lì kọlu Íjíbítì, kí Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé wá wọlé bí onílàjà. Selwyn Lloyd, mínísítà Gẹ̀ẹ́sì fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, lọ síbẹ̀ fúnra rẹ̀. Ọjọ́ 24 ni wọ́n fọwọ́ sí ìwé, ọjọ́ 29 ni ogun bẹ̀rẹ̀. Nígbà tó di ọjọ́ 31, Lloyd sọ fún ilé aṣòfin pé kò sí àdéhùn kankan láàárín àwọn àti Ísírẹ́lì ṣáájú. Anthony Eden, olórí ìjọba, ní kí wọ́n pa ẹ̀dà ìwé náà tó wà lọ́wọ́ wọn rẹ́, ó tún rán èèyàn padà sí Paris láti gba àwọn tó kù, wọn ò rí i gbà. Ní ọjọ́ 20 oṣù kejìlá, wọ́n bi Eden fúnra rẹ̀ nílé aṣòfin. Ó ní àwọn kò mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé Ísírẹ́lì fẹ́ kọlu Íjíbítì. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tó fi ipò sílẹ̀, ó ní ara òun ò yá. Ẹ̀dà tó wà lọ́wọ́ Ísírẹ́lì sì wà títí tí gbogbo ayé fi kà á.

Àwọn kan á ní kí ni ìbéèrè yẹn wá ṣe, nígbà tó jẹ́ pé irọ́ ni wọ́n fi dáhùn rẹ̀. N kò gbà bẹ́ẹ̀. Kí wọ́n tó béèrè, àṣírí lásán ló wà nílẹ̀, tí ẹni tó ni ín lè sọ ọ́ di ohunkóhun lọ́la. Lẹ́yìn tí wọ́n béèrè, ọ̀rọ̀ ti wà nínú ìwé àkọsílẹ̀ ilé, pẹ̀lú orúkọ ẹni tó sọ ọ́ àti ọjọ́ tó sọ ọ́. Ẹnu tó sọ ọ́ kò lè pa á jẹ mọ́.

Ti Amẹ́ríkà ló tún dùn mí ju ìyẹn lọ. Níbẹ̀, mínísítà kì í ṣe ọmọ ilé, kò sì ní ọjọ́ ìbéèrè. Ìgbìmọ̀ ló ń pè é wá jókòó, wọ́n lè fi wákàtí mélòó kan gbé ọ̀rọ̀ yẹ̀ wò lẹ́nu rẹ̀. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964, ìjọba Ààrẹ Johnson ní ọkọ̀ ojú omi Àríwá Vietnam ti kọlu ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà lẹ́ẹ̀mejì nínú òkun Tonkin. Ní ọjọ́ 6, Dean Rusk, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè, àti Robert McNamara, mínísítà fún ọ̀rọ̀ ààbò, wá síwájú àwọn sẹ́nétọ̀ nínú yàrá títì. Ìjókòó náà kò tó wákàtí méjì. Ẹnì kan láti iléeṣẹ́ ológun ti fóònù Sẹ́nétọ̀ Wayne Morse ní kọ̀rọ̀, ó ní kí ó béèrè ìwé àkọsílẹ̀ ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà náà, kí ó sì béèrè iṣẹ́ tí ọkọ̀ náà lọ ṣe gan-an. Morse béèrè. McNamara ní àwọn ológun ojú omi Amẹ́ríkà kò lọ́wọ́ nínú ìkọlù tí Gúúsù Vietnam ń ṣe sí Àríwá, wọn kò sì mọ̀ nípa rẹ̀. Kò sẹ́ni tó gbè é lẹ́yìn láti tún un bi í. Lọ́jọ́ kejì àwọn sẹ́nétọ̀ dìbò lórí ìpinnu tó fún Johnson láyè láti lo ológun ní Vietnam, 88 gbà, 2 kọ̀, Morse sì jẹ́ ọ̀kan nínú àwọn méjì náà. Ìkọlù ẹlẹ́ẹ̀kejì tí wọ́n torí rẹ̀ dìbò kò ṣẹlẹ̀.

Sẹ́nétọ̀ William Fulbright ni alága ìgbìmọ̀ tó ń rí sí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè nígbà yẹn, òun gan-an ló ti ìpinnu náà kọjá. Ní 1966 ó pe Rusk padà, tẹlifíṣàn gbé e sáfẹ́fẹ́. Ní oṣù kejì ọdún 1968 ó pe McNamara padà lórí ọ̀rọ̀ Tonkin kan náà, ó sì béèrè ohun tó yẹ kí ó ti béèrè lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Amẹ́ríkà ti kú, àwọn ará Vietnam tó kú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ fíìfíì. Lọ́dún yẹn náà ni Morse pàdánù ipò rẹ̀ nínú ìbò.

Ẹni tó fóònù Morse yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Òun náà jókòó níbi tí mo jókòó sí, sẹ́yìn àwọn ọ̀gá, pẹ̀lú ohun tó mọ̀ lórí rẹ̀.

Ó yá, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ wàyí. Má jẹ́ kí ọ̀gá rẹ sọ̀rọ̀ gùn kí ó tó béèrè. Inú wa máa ń dùn bí aṣòfin bá bẹ̀rẹ̀ ìwàásù, torí mínísítà náà á fi ìwàásù dá a lóhùn, àkókò á sì lọ. Má jẹ́ kí ó di ìbéèrè mẹ́rin mọ́ ara wọn. Èyí tó rọrùn jù nínú mẹ́rin ni a máa ń dáhùn, a ó sì ṣe bí ẹni pé a kò gbọ́ mẹ́ta. "Kí ni èrò mínísítà" kò mú ẹnikẹ́ni rí. Ọjọ́, iye, orúkọ ẹni tó fọwọ́ sí ìwé, yàrá tí wọ́n ti pàdé, ìwọ̀nyí ló ń lé wa láti ọ́fíìsì kan dé òmíràn lóru. Má fojú kéré ìbéèrè tí wọ́n ń kọ sórí ìwé, bí kò tilẹ̀ sí ẹni tó ń wò ó lórí tẹlifíṣàn. Ọmọbìnrin tí mo sọ nípa rẹ̀ yẹn kò bínú, kò kígbe. Ó ń kọ ọ́ ránṣẹ́ léraléra, lọ́sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀: ṣé ó ṣáájú ọjọ́ báyìí? Ṣé ó tẹ̀ lé ọjọ́ báyìí? Ó ń há ọ̀nà mọ́ wa díẹ̀díẹ̀ títí tí kò fi sí ibi tí a lè gbà mọ́. Lóṣù kẹrin ọ̀gá wa padà síwájú ilé, wọ́n ka ọjọ́ náà síta. Èmi ni mo tẹ̀ ẹ́ sórí ìwé tí wọ́n kà. Wọ́n ti fọwọ́ sí àdéhùn náà ní ọjọ́ mọ́kànlá ṣáájú ìgbà tí wọ́n ní kò tíì sí nǹkan nílẹ̀.

Fi ìbéèrè àkọ́kọ́ tí o bá kọ ránṣẹ́ sí mi kí ó tó kúrò lọ́wọ́ rẹ, àti èyí tí o fẹ́ fi tẹ̀ lé e. Màá kọ èsì tí àwa ì bá kọ sí i, kí o lè rí ibi tí mínísítà yóò gbà yọ, kí o sì dí i. Mo máa ń sùn pẹ́, fi ránṣẹ́ ìgbàkígbà.

Bá mi kí ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ tòótọ́.