Ọ̀rọ̀ Kásẹ́ẹ̀tì Bàbá

Lọ́ńdọ̀nù

Ẹ̀gbọ́n mi,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ìtọ́jú Màmá. Mo mọ̀ pé ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń retí èsì mi, ẹ má bínú. Owó ìrántí Bàbá, ₦150,000, ti wọ àkáǹtì yín láti ọjọ́ Ẹtì, ẹ jọ̀wọ́ ẹ yẹ̀ ẹ́ wò kí ẹ tó tún bá ẹnikẹ́ni sọ̀rọ̀ nípa mi. Ọ̀rọ̀ kásẹ́ẹ̀tì gan-an ni mo fẹ́ dáhùn, nítorí Màmá sọ fún mi lórí fóònù pé ẹ ní mo ti da gbogbo orin Bàbá nù, ọ̀rọ̀ náà sì dùn mí.

N kò da nǹkan kan nù. Kásẹ́ẹ̀tì 41 ni mo kó kúrò nílé lẹ́yìn ìsìnkú, ẹ̀yin náà ni ẹ bá mi fi okùn di báàgì rẹ̀, gbogbo wọn ló sì wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì mi títí di òní. Ní oṣù Kejìlá ọdún 2010, nígbà tí Síkírù Àyìndé Barrister kú síbí ní Lọ́ńdọ̀nù, tí kò sí ilé ọmọ Yorùbá tí mo wọ̀ tí n kò gbọ́ fújì, ni mo rántí pé téèpù a máa gbó, mo sì ra ẹ̀rọ kékeré kan tí ń da orin kásẹ́ẹ̀tì sínú kọ̀ǹpútà. Kásẹ́ẹ̀tì kì í gba ìkánjú, ẹ̀gbọ́n mi: èyí tó bá jẹ́ ọgọ́ta ìṣẹ́jú, ọgọ́ta ìṣẹ́jú gbáko ni yóò fi kọrin kí ó tó wọlé tán. Iṣẹ́ òru ni mò ń ṣe nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, mo sì tún wà lẹ́nu rẹ̀ títí di báyìí, nítorí náà mo máa ń tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ kí n tó sùn, bí mo bá jí, màá yí i sí ojú kejì. Bí mo ṣe dà wọ́n tán nìyẹn láìgbọ́ ẹyọ kan já. Mo fi nọ́ńbà sí wọn lára, mo kó wọn sórí dísìkì kan, mo jù ú sínú dúrọ́ọ̀. Òótọ́ ni pé mo gbàgbé wọn síbẹ̀. Ṣé ẹni tó gbàgbé nǹkan ló dà á nù ni?

Ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni mo yọ dísìkì náà jáde. Fáìlì 82 ló wà níbẹ̀, gbogbo rẹ̀ kò sì tó gígábáìtì 3. Kọ̀ǹpútà ti kọ “Unknown Artist” sára gbogbo wọn, àfi bí ẹni pé Hárúnà Ìṣọ̀lá náà ti di ẹni tí a kò mọ̀. Mo gbọ́ gòjé Yusuf Ọlátúnjí nínú bọ́ọ̀sì, mo gbọ́ àkódíọ̀nù I.K. Dáìró tí n kò tilẹ̀ rántí mọ́ pé a ní in nílé. Nígbà tó kan Hárúnà, mo bá ara mi tí mò ń bá a ki àwọn olówó tí n kò mọ̀ rí, títí obìnrin tó jókòó tì mí fi dìde lọ jókòó síbòmíràn.

Ẹ jẹ́ kí n wá bi yín léèrè. Ẹ rántí kásẹ́ẹ̀tì Hárúnà tí wọ́n ní mo pa rẹ́, tí Bàbá tìtorí rẹ̀ fi bẹ́líìtì nà mí, tí mo sùn láìjẹun? Láti ìgbà tí Hárúnà ti kú ní ọdún 1983 ni Bàbá ti ń ṣẹ́ eyín méjèèjì tó wà lórí kásẹ́ẹ̀tì rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ohùn mìíràn lé e. Mo fa èyí jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, mo sì rí i pé ẹnì kan ti fún ìwé bọ ihò eyín kan níbẹ̀, kí ó lè gba ohùn lé e. Ìwé iléèwé ni, ìlà búlúù rẹ̀ kò tíì parẹ́. Nínú fáìlì 28, Hárúnà kọrin fún ìṣẹ́jú 11, orin gé, ọmọbìnrin kan wúkọ́, ó fi imú dárúkọ ara rẹ̀ bí àwọn tó ń ka ìròyìn lórí rédíò, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìròyìn ní Gẹ̀ẹ́sì. Màmá ń pè é lẹ́yìn pé ata ti ń jóná. Orúkọ tó dá kì í ṣe tèmi.

N kò bínú, ẹ gbọ́. Ọjọ́ ti pẹ́. Mo kàn ń béèrè ìdí tí ẹ fi dákẹ́ nígbà tí mò ń búra lórí ìkúnlẹ̀ ni.

Ọmọ ìjọ wa kan ń bọ̀ ní Ìbàdàn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, òun ni màá fi dísìkì náà rán. Mo ti kọ orúkọ olórin sára gbogbo fáìlì, ó ku 28 nìkan. Màmá ní Hárúnà ni kí wọ́n kọ́kọ́ fi sí i lọ́jọ́ ìrántí. Ṣé kí n jẹ́ kí ìròyìn yẹn wà níbẹ̀, àbí kí n gé e kúrò? Ẹ fèsì kí ó tó di ọjọ́rú, ṣùgbọ́n kí ẹ tó kọ̀wé sí mi, ẹ kọ́kọ́ lọ bá Màmá, kí ẹ sọ fún wọn pé n kò da nǹkan kan nù.

Àbúrò yín,
Délé