Ẹ La Ọ̀rọ̀ Oògùn Ibà Yé Aláboyún

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè kí n sọ̀rọ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìlera tí a ń ṣe fún àwọn aláboyún nípa ibà. Ní ọ̀pọ̀ ilé ìwòsàn alábọ́dé wa, bí ọjọ́ aláboyún bá kò, orin àti àtẹ́wọ́ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ á kan néẹ̀tì ẹ̀fọn, gọ́tà àti omi tó dárogún. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n tó bá kan hóró oògùn mẹ́ta tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní SP (sulfadoxine-pyrimethamine), èyí tí a fi ń dènà ibà nínú oyún, "Ẹ gbé e mì" ni a sábà máa ń gbọ́, a kì í gbọ́ ìdí rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀, ara obìnrin náà kò gbóná, orí kò sì fọ́ ọ. Ó yẹ kí a là á yé e pé kòkòrò ibà a máa fara pamọ́ sínú ibi ọmọ, débi pé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ tí a gbà lórí ìka lè má rí i, tí yóò sì máa dín ẹ̀jẹ̀ ìyá kù, tí kò ní jẹ́ kí oúnjẹ dé ọ̀dọ̀ ọmọ bó ṣe yẹ, títí tí oyún yóò fi bàjẹ́ tàbí tí a ó fi bí ọmọ tí kò tẹ̀wọ̀n. Alóyún àkọ́bí ni èyí máa ń bá fínra jù.

Ẹni tí kò mọ èyí yóò wé oògùn náà sínú bébà, yóò so ó mọ́ etí ìró, yóò ní ó di ìgbà tí òun bá jẹun nílé. Nílé ńkọ́? Ìyá ọkọ ti se àgbo sílẹ̀, ta ni yóò sì bá ẹni tó fi àgbo tọ́mọ yè jiyàn? Bẹ́ẹ̀ a lè lo SP láìjẹun, ojú nọ́ọ̀sì ló sì yẹ kó ti lò ó. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé ni pé kí aláboyún bẹ̀rẹ̀ SP láti nǹkan bí ọ̀sẹ̀ 13 oyún, kí ó lò ó tó ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ó kéré tán kí ó tó bí, kí oṣù kan sì máa wà láàrin. Aláboyún tó ń lo Septrin nítorí HIV kò gbọdọ̀ fi SP kún un, nítorí náà kí a máa béèrè oògùn tí oníkálùkù ń lò.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí àwọn ìjọba ìbílẹ̀ ni pé kí wọ́n gbé ẹ̀kọ́ yìí dé ilé ìgbẹ̀bí àwọn ìjọ àti ọ̀dọ̀ àwọn ìyá ọkọ, kí wọ́n sì pèsè omi mímu àti ife sí ilé ìwòsàn kọ̀ọ̀kan, nítorí àìsí omi wà lára ohun tó ń sọ oògùn náà di ẹrù ilé.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì,
Òṣogbo.