Kì í ṣe ẹrù rẹ ló pa máṣíìnì náà

Pópó-Ọba,
Ẹ̀pẹ́.
Alẹ́ Ọjọ́ Àìkú

Bàbá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi,

O kú ọjọ́ mẹ́ta o. O kú òtútù, o kú iṣẹ́ òru. Ṣé àwọn ìbejì ń ṣe dáadáa? Gbogbo ilé ń kí ọ. Ẹja àrọ̀ tó o ní kí Ìyá Yétúndé bá ọ rà ní Ọjà Olúwo ti gbẹ kanrin-kanrin, ẹni tó máa bá wa gbé e dé ọ̀dọ̀ rẹ là ń wá.

Ọ̀rọ̀ alùpùpù Suzuki A100 Bàbá mi ló mú mi jókòó kọ̀wé, torí ọ̀rọ̀ náà pọ̀ ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ. Láti oṣù Kejìlá tó ti kú mọ́ wa nídìí lójú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde, kò sí ìgbà tó o pè tí o kì í bẹ̀ mí, pé àpò ìrẹsì tó o gbé lé ẹsẹ̀ ló wọ̀ ọ́ lọ́rùn. Jọ̀ọ́, má bẹ̀ mí mọ́. Mo ti tú u, mo ti rí ohun tó pa á. Kì í ṣe ìwọ.

Rántí bó ṣe ṣe lọ́jọ́ náà. Ohùn rẹ̀ kọ́kọ́ lé sókè, ó ń han bí ẹni tí wọ́n ń lé, bẹ́ẹ̀ mi ò fi kún iná rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni táyà ẹ̀yìn há gọ́gọ́, tó ń wọ́ wa lọ lórí ọ̀dà títí mo fi rántí fa kílọ́ọ̀ṣì. Ohùn tó lé sókè yẹn ló yẹ kó ta mí lólobó. Afẹ́fẹ́ tó ń mu ti pọ̀ ju epo lọ, gbígbóná ló sì gbẹ̀yìn irú ẹ̀.

Nítorí náà, kí n tó fọwọ́ kan nọ́ọ̀tì orí ẹ́ńjìnì kankan, mo wá ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé. Mo tú sàlẹ́ńsà tí èéfín ń gbà jáde, mo fi rọ́bà tíúbù dí ẹnu ibẹ̀ pinpin. Mo yọ kábúrétọ̀ tó ń po epo mọ́ afẹ́fẹ́, mo dí ẹnu tiẹ̀ náà. O mọ̀ pé ti A100 kì í wà lẹ́yìn bulọ́ọ̀kù, ilé tí písítínì ń lọ sókè-sódò nínú rẹ̀, bíi ti àwọn yòókù. Inú ìdérí ẹ̀gbẹ́ ló sá pamọ́ sí, torí àwo pẹlẹbẹ kan tó ń bá kíráǹkì yí ló ń ṣílẹ̀kùn fún epo. Mo rọra tẹ kíìkì títí písítínì fi lọ sísàlẹ̀ pátápátá, mo wá gba ihò pọ́lọ́ọ̀gì fẹ́ afẹ́fẹ́ sí i pẹ̀lú fáǹpù kẹ̀kẹ́ ọmọ mi. Díẹ̀ ni mo fẹ́, èyí tó bá pọ̀ jù lè fa rọ́bà inú rẹ̀ ya. Lẹ́yìn náà ni mo po ọṣẹ, mo fi búrọ́ọ̀ṣì kùn ún yíká.

Ìdí bulọ́ọ̀kù ló kọ́kọ́ fọhùn. Ọṣẹ ń hó pọ̀tọ̀pọ̀tọ̀ ní igun kan níbi tí bulọ́ọ̀kù ti jókòó lórí ikùn ẹ́ńjìnì. Mo tú mágínẹ́tò tó ń fún pọ́lọ́ọ̀gì níná, mo kun ẹ̀yìn rẹ̀ náà. Níbẹ̀, ìfófòó ọṣẹ ń wú díẹ̀díẹ̀ bí ẹ̀kọ tó fẹ́ hó, ó bẹ́, òmíràn tún wú. Ọ́ìlì síìlì, rọ́bà tó ń dí etí kíráǹkì níbẹ̀, ti gbẹ bí awọ ìlù. Ọ̀rẹ́ mi, ibẹ̀ ni mo jókòó sí lórí àpótí tí mò ń wò ó fún ìgbà pípẹ́. Ikùn ẹ́ńjìnì tó ń lo epo àti ọ́ìlì pọ̀ ló kọ́kọ́ ń fa epo sí kó tó tì í sókè, kò dà bíi Bajaj tí wọ́n ń gùn kiri báyìí. Bí ihò tó tó ojú abẹ́rẹ́ bá wà lára ikùn yẹn, gbogbo ohun tó wà lókè ló máa jìyà rẹ̀.

Mo wá ṣí tọ́ọ̀pù sìlíńdà, mo yọ bulọ́ọ̀kù. Orí písítínì ti jẹ lápá ibi tó kọjú sí sàlẹ́ńsà, bí etí búrẹ́dì tí eku fẹnu kàn. Alumínì ara rẹ̀ ti yọ́ lẹ̀ mọ́ ògiri bulọ́ọ̀kù ní ìlà-ìlà. Mo fi èékánná ti ríìngì, kò mì rárá. Ẹni tó tú u kẹ́yìn nígbà ayé Bàbá ò lo gásíkẹ́ẹ̀tì nísàlẹ̀, gọ́ọ̀mù ló fi lẹ̀ ẹ́. Písítínì tó bá níbẹ̀ nígbà náà há ni wọ́n ṣe pè é. Ó pààrọ̀ rẹ̀, ó gbowó, kò bèèrè ohun tó pa á. Ìyẹn ló ń dùn mí jù nínú gbogbo rẹ̀, torí Bàbá fọkàn tán an.

Bulọ́ọ̀kù A100 jẹ́ mílímítà 50 ní ìbú nígbà tó jáde nílé iṣẹ́. Wọ́n ti bóòrì tiwa lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ni pé wọ́n gbẹ́ inú rẹ̀ fẹ̀ sí i ní mílímítà 0.25, ó wá di dandan ká gbé e dé 0.50. Ọkùnrin Íbò tó ń ta pààtì lẹ́bàá gáréèjì ránṣẹ́ sí Nnewi, ọjọ́ kẹsàn-án ni písítínì dé. Mo ti kọ́kọ́ gbé bulọ́ọ̀kù lọ sọ́dọ̀ tọ́nà kan tó ń gbẹ́ irin ní Ìjẹ̀bú-Òde, bàbá àgbàlagbà. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ jẹ́ kí písítínì dé ná. Òun ni kí ẹ wọ̀n, kí ẹ wá gbẹ́ ilé tó bá a mu." Wọ́n wò mí títí, wọ́n ní, "Ta ló kọ́ ọ?" Mo ní Bàbá mi ni. Wọ́n ní kí n gbé e sílẹ̀, wọn ò sì fọwọ́ kàn án títí mo fi padà wá. Mílímítà 0.05 ni àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ láàárín písítínì àti ògiri. Mo dúró tì wọ́n bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n lókè, láàárín àti nísàlẹ̀.

Etí àwọn fèrèsé inú bulọ́ọ̀kù, àwọn ihò tí epo àti èéfín ń gbà kọjá, máa ń mú bí abẹ bí wọ́n bá bóòrì tán. Bí o bá fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ríìngì á kọ́ mọ́ ọn, á sì kán. Mo wé sáńpépà mọ́ ìka, mo rọra ń ra á títí ó fi dẹ̀, ìrọ̀lẹ́ kan gbáko ló gbà mí. Mo wá ti ríìngì nìkan wọ inú bulọ́ọ̀kù, mo fi orí písítínì tì í kó lè dúró gbọọrọ, mo wọn àlàfo ẹnu rẹ̀. Irin pẹlẹbẹ ìwọ̀n mílímítà 0.20 wọlé, ti 0.25 kọ̀. Ó tẹ́ mi lọ́rùn.

Ọfà orí písítínì, mo jẹ́ kó kọjú sí ọ̀nà sàlẹ́ńsà. Mo fi àkísà mímọ́ dí ẹnu ikùn ẹ́ńjìnì kí n tó fi kíléèpù, wáyà kékeré tó ń di pín písítínì mú, sí àyè rẹ̀, Ọlọ́run ló ní kí n ṣe bẹ́ẹ̀. Kíléèpù kejì ta mọ́ mi lọ́wọ́, ó já sórí àkísà náà "pó". Bí ìsàlẹ̀ ló já sí ni, gbogbo ẹ́ńjìnì ni à bá tú palẹ̀. Ríìngì kọ̀ọ̀kan, mo jẹ́ kí ẹnu rẹ̀ gba pín kékeré tó wà nínú ihò rẹ̀, mo sì fi ìka méjì fún un pọ̀ bí bulọ́ọ̀kù ṣe ń sọ̀ kalẹ̀. Gásíkẹ́ẹ̀tì gidi ni mo fi sísàlẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí, síìlì tuntun sì wà lẹ́yìn mágínẹ́tò. Mo po ọṣẹ lẹ́ẹ̀kan sí i. Kò sí ibi tó hó.

Mi ò fọkàn tán páǹpù ọ́ìlì rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, torí afẹ́fẹ́ lè wà nínú tíúbù rẹ̀. Mo po ọ́ìlì mílílítà 250 mọ́ epo lítà 5 fún ìgbà àkọ́kọ́. Kíìkì kẹrin ló jí. Èéfín kún ẹ̀yìnkùlé, àwọn ọmọ ń wúkọ́ kiri, inú mi dùn débi pé mo gbàgbé oúnjẹ alẹ́.

Láti ìgbà náà, àárọ̀ kùtù ni mò ń gbé e jáde, kí oòrùn tó mú. Mo máa ń lọ sí Ìlárá, máa sọ̀ kalẹ̀, máa jẹ́ kó tutù, máa wá padà. Mi ò tíì ṣí iná rẹ̀ kọjá ìdajì. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti tún nọ́ọ̀tì orí rẹ̀ mú ní ìdábùú-ìdábùú. Mo yọ pọ́lọ́ọ̀gì lánàá, ó pọ́n bí èèpo ẹ̀pà.

Kìlómítà 312 ni mo ti gùn ún. Bó bá pé 1,000, mo máa bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èèyàn sẹ́yìn. Mi ò tíì gbé ẹnikẹ́ni, kódà Ìyá Yétúndé bẹ̀ mí lọ́jọ́ ọjà, mo ní kó má bínú. Kọ̀wé sí mi kí n mọ ọjọ́ tó ò ń bọ̀ nínú oṣù Kejìlá. Ìwọ ni mo fi ẹ̀yìn rẹ̀ pa mọ́ dè, ìwọ àti àpò ìrẹsì rẹ.

Bá mi kí ìyàwó àti àwọn ìbejì.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Bàbá Yétúndé